Kí Àjẹsára Adìyẹ Yín Má Baà Di Omi Lásán

Ọrùn rẹ̀ ti lọ́. Ó gbé orí sókè bí ẹni tó ń wá nǹkan lórí àjà, ó ń yí lójú kan, apá rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Adìyẹ ẹlẹ́yin ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Ìgbẹ́ tó yà sábẹ́ ṣàn bí omi, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Nínú 200 tí mo kó wọlé, 163 ni mo sin láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, nínú ọyẹ́.

Mo sì ti fún wọn ní àjẹsára. Èyí ló dùn mí jù. Ọjọ́ tí mo ṣe é wà nínú ìwé, ìgò rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé. Dókítà ẹran tó wá wò wọ́n ní kí n ròyìn bí mo ṣe ṣe é, láti ibi tí mo ti rà á títí dé inú ike omi. Kò tíì jẹ́ kí n sọ ọ́ jìnnà tó fi mirí. Ẹni tó tà á fún mi wé e mọ́ omi dídì díẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ gbà mí ní wákàtí mẹ́ta, omi dídì náà sì ti yọ́ tán kí n tó délé. Omi ẹ̀rọ tí mo pò ó mọ́, òórùn kílórínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ń bú jáde lára rẹ̀. Àjẹsára náà ti kú kí ó tó kan ẹnu adìyẹ kankan. Omi lásán ni wọ́n mu.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Àwọn tó ń sin 50, 100, 500 adìyẹ sẹ́yìnkùlé ló pọ̀ jù láàárín wa, owó ẹ̀yáwó sì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é. Àṣìṣe tó ń pa adìyẹ wa kò le láti yẹ̀ bí ẹnì kan bá fi hàn wá.

Ohun tí ẹ ń bá jà

Lúkúlúkú ló pa tèmi. Newcastle ni òyìnbó ń pè é, orúkọ ìlú kan ní England tí wọ́n ti rí i ní 1926. Láti Ìbàdàn ni ìròyìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, ní 1953. Kò ní oògùn. Àwọn tó ń da àńtíbáyótíìkì sómi nígbà tí ọrùn bá ti ń lọ́ ń fi owó ara wọn ṣòfò ni, nítorí fáírọ́ọ̀sì ni, àńtíbáyótíìkì kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì.

Èkejì ni Gumboro, tí orúkọ rẹ̀ wá láti abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà. Àpò kékeré kan wà lókè ihò ìdí òròmọdìyẹ. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà. Àpò yẹn ni Gumboro ń bà jẹ́. Adìyẹ tó bá yè é lè máa jẹun, kó máa rìn, kó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n àjẹsára lúkúlúkú tí ẹ bá fún un lẹ́yìn náà kò ní jẹ́ dáadáa. Bí ẹnì kan bá ní òun fún adìyẹ òun ní Lasota, ọ̀kan nínú àjẹsára lúkúlúkú, lẹ́ẹ̀mẹta tí lúkúlúkú ṣì kó wọn lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé: kí lẹ ṣe nípa Gumboro?

Àwọn àgbà wa ti ní ọ̀rọ̀ náà, àjẹsára, kí abẹ́rẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa: ohun tí a jẹ sára kí ibi má baà rí wa gbé ṣe. Ti adìyẹ náà kò yàtọ̀. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi han ara, kí ara lè mọ ojú rẹ̀, kó sì kó ogun jọ dè é. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ogun náà tó gbára jọ. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí à ń lò fún òròmọdìyẹ, kòkòrò náà ṣì wà láàyè nínú ìgò. Oòrùn ń pa á, ooru ń pa á, kílórínì ń pa á, ọṣẹ ń pa á.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí òròmọdìyẹ tó dé

Bí àwa tó ń sin ẹlẹ́yin ṣe sábà ń tò ó nìyí. Dókítà àdúgbò yín lè sún un síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, nítorí òun ló mọ àrùn tó ń jà lọ́dọ̀ yín.

- Ọjọ́ kìíní: àjẹsára lúkúlúkú ti ojú. Ti Marek, àrùn tó ń rọ adìyẹ lẹ́sẹ̀ àti lápá, ibi tí wọ́n ti pa ẹyin náà ni wọ́n ti ń gún un. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.
- Ọjọ́ 10 sí 14: Gumboro àkọ́kọ́, nínú omi.
- Ọjọ́ 21: Lasota, nínú omi.
- Ọjọ́ 28: Gumboro kejì.
- Ọ̀sẹ̀ 6: ti fowl pox, àrùn tó ń hu kókó sí ogbe àti ìpéǹpéjú.
- Ọ̀sẹ̀ 8: Komarov, àjẹsára lúkúlúkú mìíràn, abẹ́rẹ́ sínú ẹran ara. Ẹ má fún òròmọdìyẹ kékeré ní Komarov rárá. Ó le jù fún wọn.
- Ọ̀sẹ̀ 16, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé: ti lúkúlúkú lẹ́ẹ̀kan sí i, Komarov tàbí àjẹsára olóróró.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ wa ń tún Lasota fún wọn lọ́sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bíróílà kì í pẹ́ láyé tó ti ẹlẹ́yin, ti Gumboro àti Lasota ló sábà ń kàn án. Púpọ̀ nínú àwọn àjẹsára wọ̀nyí, Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, ní ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1924.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí Gumboro fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá adìyẹ tó ti gba àjẹsára a máa fi díẹ̀ nínú ààbò ara rẹ̀ sínú ẹyin fún ọmọ. Ààbò ìyá yìí dára, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí àjẹsára: tí ẹ bá tètè fún ọmọ ju bó ti yẹ lọ, ààbò ìyá á pa àjẹsára náà. Tí ẹ bá sì pẹ́ jù, ààbò ìyá á ti tán lára, àrùn á ti wọlé. Àwọn òròmọdìyẹ tó wọlé pọ̀ lọ́jọ́ kan kì í sì í ní ààbò ìyá tó dọ́gba. Èyí tí ti àkọ́kọ́ kò bá mú, ti ẹ̀ẹ̀kejì á mú un.

Ìgbésẹ̀ kejì: láti ilé ìtajà dé ilé yín

Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius ni ibùgbé àjẹsára, lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, lójú ọ̀nà, àti lọ́dọ̀ yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí fíríìjì náà lójú yín. Tí ẹ bá rí i pé ẹja àti mínírà ló wà níbẹ̀, tí iná sì ti lọ láti àná, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Ẹ ka ọjọ́ tí oògùn náà yóò kọjá ìlò, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lára ìgò sínú ìwé yín níbẹ̀ gan-an.

Ẹ gbé kúlà tàbí fíláàsìkì yín lọ láti ilé, pẹ̀lú omi dídì tó pọ̀. Ẹ fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ sáàárín ìgò àti omi dídì, pàápàá tó bá jẹ́ àjẹsára olóróró. Èyí tó bá dì bíi yìnyín ti bàjẹ́ bí èyí tó gbóná. Ẹ má gbé e síwájú ọkọ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Mo máa ń lọ ra tèmi ní ìdájí ọjọ́ tí mo máa lò ó, nítorí n kò fọkàn tán iná ìjọba láti ṣọ́ ọ fún mi mọ́jú.

Ẹ ra iye tó kárí adìyẹ yín. Ìgò tí wọ́n kọ 200 sí lára kò ṣeé pín fún 350. Ẹ̀ka ogun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ yóò kéré jù, ara kò ní mọ̀ pé ọ̀tá wà lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ wọ ilé adìyẹ, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ gbọ́ bóyá èyí kan ń sín, ẹ wo ìgbẹ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ wo èyí tó ká ara jọ sí kọ̀rọ̀. Ẹ má fún adìyẹ tó ń ṣàìsàn ní àjẹsára. Ara rẹ̀ ti ń jagun kan lọ́wọ́, kò ní ráyè kọ́ òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú wọn, kí ẹ pe dókítà.

Ẹ fọ gbogbo ike omi ní alẹ́ pẹ̀lú kànìnkànìn àti omi nìkan. Kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ, kò gbọdọ̀ sí Izal. Ike ni kí ẹ lò, ẹ má lo abọ́ irin tó ti dípẹtà. Ẹ kó ike tó pọ̀ jọ débi pé, nínú adìyẹ mẹ́ta, méjì á lè mu lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn alágbára ló máa mu ún tán, àwọn kékeré á sì rìn lọ láìrí nǹkan kan. Ẹ dáwọ́ fítámì àti oògùn inú omi dúró.

Ohun kan tún wà tó ṣe mí láǹfààní: ní ọjọ́ yìí kan náà, ní àkókò tí mo fẹ́ ṣe é lọ́la, mo máa ń wọn iye omi tí wọ́n mu ní wákàtí méjì. Iye yẹn ni mo máa ń pò àjẹsára mọ́. Tí ẹ kò bá ráyè wọ̀n ọ́n, ẹ lo ọ̀nà tí àwọn dókítà ń lò: iye ọjọ́ orí wọn ni iye lítà omi tí ẹ máa fún 1,000 adìyẹ, kó má ju lítà 40 lọ. Adìyẹ 200 tó pé ọjọ́ 21 á gba lítà 4 àti díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òwúrọ̀ ọjọ́ náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ kó omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Nígbà ooru, wákàtí kan ti tó. Oúnjẹ lè wà níbẹ̀.

Omi kànga tó mọ́, tàbí omi òjò, ni kí ẹ lò. Omi ẹ̀rọ ní kílórínì. Omi inú ọ̀rá náà lè ní in, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wà lára ọ̀rá tàn yín. Omi yòówù kó jẹ́, ẹ po wàrà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ mọ́ ọn, gíráàmù 2.5 sí lítà kan, bíi ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú. Wàrà yẹn ń mú ìyókù kílórínì, ó sì ń bo àjẹsára mọ́lẹ̀ kó lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ rò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Nígbà yìí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìgò kúrò nínú kúlà. Ẹ rì í sínú omi oníwàrà náà, kí ẹ sì ṣí ọmọrí rẹ̀ lábẹ́ omi. Ẹ máa rí i bí omi ṣe ń fà wọ inú rẹ̀ lójijì, tí kóró funfun inú rẹ̀ á yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣàn ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì sínú omi kan náà, nítorí díẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ fi igi tàbí ṣíbí ike rò ó pọ̀.

Ẹ pín in sínú gbogbo ike kí ẹ tó gbé ọ̀kankan síwájú wọn, kí ẹ wá gbé gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ rọra máa rìn láàárín wọn, kí àwọn tó ti mu lè sún fún àwọn tó kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ mu ún tán láàárín wákàtí kan sí méjì. Àwọn kan ń po àwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí mọ́ ọn. Ẹ lè mú adìyẹ díẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ la ẹnu wọn, kí ẹ wo ahọ́n. Ó kéré tán, 9 nínú 10 gbọ́dọ̀ ní búlúù lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, igun tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kò ní búlúù púpọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ike mi kò tó.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi pamọ́ di ọ̀la. Ẹ sun ìgò rẹ̀ tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ má fi ọwọ́ ra ojú: àjẹsára lúkúlúkú lè mú kí ojú èèyàn pọ́n, kó máa ṣomi fún ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tí kì í ṣe ti inú omi

Ti ojú: omi tó bá a wá ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ kán ẹyọ kan sí ojú kan, ẹ dúró kí òròmọdìyẹ náà ṣẹ́jú kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá kánjú, á gbọn orí, oògùn á sì bọ́ sílẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́: itan tàbí àyà. Ẹ máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ léraléra. Ẹ má fi sìríǹjì gbígbóná tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sè fa àjẹsára. Ẹ jẹ́ kó tutù.

Ti fowl pox ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun nìkan ló ń fún yín lésì. Abẹ́rẹ́ oníbejì kékeré kan ni wọ́n ń rì sínú oògùn, tí wọ́n fi ń gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ apá já. Ẹ yẹra fún iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì ya ìyẹ́ ibẹ̀ sápá kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ gbé apá mélòó kan sókè. Tí ẹ bá rí kókó kékeré tàbí èépá níbi tí ẹ gún, ó ti jẹ́. Tí awọ náà bá dán bó ṣe wà, ẹ tún un ṣe.

Ti fowl typhoid tí wọ́n ń fún ẹlẹ́yin, ẹ ṣọ́ra: èyí tó wà láàyè, bakitéríà ni. Tí àńtíbáyótíìkì bá wà lára adìyẹ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín pa àjẹsára náà.

Ohun tó ń ba ti rere jẹ́ lẹ́yìn náà

Ní bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn Lasota, díẹ̀ lè máa sín. Ẹ má bẹ̀rù, ara ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ fún wọn ní fítámì. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe dókítà.

Ṣùgbọ́n ara tí ebi, ooru tàbí májèlé ń jẹ kò lè kó ogun jọ. Àgbàdo tó bu ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Tí ẹ bá fọ́ kóró rẹ̀ tí inú rẹ̀ dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tó ń rùn bí àkísà tútù, májèlé tí òyìnbó ń pè ní aflatoxin lè wà nínú rẹ̀. Kì í sábà pa adìyẹ lójijì. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ ààbò ara di yẹpẹrẹ. Wọ́n máa ń tà á lówó pọ́ọ́kú ní ìgbà òjò, mo sì mọ bí owó pọ́ọ́kú ṣe ń fa ojú mọ́ra. Ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi tó tutù nílẹ̀ náà nìyẹn: tí òórùn ìtọ̀ bá ta yín nímú nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ń ta wọ́n láti àná. Ẹ kó o dànù.

Adìyẹ ìbílẹ̀ àti ewúrẹ́

Adìyẹ ìyá arúgbó tó ń jẹ̀ káàkiri náà yẹ fún ààbò, ìgbà ọyẹ́ ni lúkúlúkú sì sábà ń pa wọ́n jù. Àjẹsára kan wà fún irú wọn, I-2, tí wọ́n ṣe ní Australia láti fara da ooru ju Lasota lọ fún abúlé tí kò ní iná. Ojú ni wọ́n ń kán an sí, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá wọ ilé sùn ni kí ẹ mú wọn. Kí gbogbo àdúgbò ṣe é lọ́jọ́ kan, kí ọyẹ́ tó wọlé. Adìyẹ ẹni kejì tí kò gbà á ló máa gbé àrùn wá bá àwọn òròmọdìyẹ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ni PPR, tí àwọn tó ń ta ẹran ń pè ní kata: imú á máa dà, ojú á lẹ̀, egbò á yọ lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Inú mi ń dùn láti sọ pé kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe àjẹsára rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé, Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975. Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀ títí dòní. Abẹ́rẹ́ kan sábẹ́ awọ ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ dúró kí ọmọ pé bí oṣù mẹ́rin, nítorí wàrà tó kọ́kọ́ sun lọ́mú ìyá tó ti gba àjẹsára ń ṣọ́ ọ títí di ìgbà náà. Ẹ ṣe é ní ìparí òjò, kí ẹ lo èyí tí ẹ bá pò láàárín wákàtí kan. Àgbò tí ẹ bá rà fún Iléyá láti ọjà, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó dé àárín ẹran ilé. Àrùn kan tó jẹ́ ìbátan PPR, rinderpest, ti pa màlúù àìmọye nílẹ̀ Áfíríkà. Àjẹsára ni wọ́n fi lé e kúrò láyé, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2011. Wọ́n fẹ́ ṣe PPR bẹ́ẹ̀ kó tó di 2030.

Tí àrùn bá wọlé pẹ̀lú gbogbo èyí

Ẹ má gbé èyí tó kù lọ sọ́jà. Mo mọ̀ pé ọkàn máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a lè rí owó oúnjẹ gbà padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn gan-an ni lúkúlúkú ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ sin òkú jìnnà sí kànga, kí ẹ da ẹfun lé e. Ẹni tó ń bọ́ wọn kò gbọdọ̀ wọ ilé adìyẹ mìíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ mú òkú tuntun kan sínú kúlà, ẹ gbé ìwé yín dání, pẹ̀lú nọ́ńbà ìgò, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ pò ó, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì dókítà ẹran ti ìjọba ìbílẹ̀ yín ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó ti yẹ̀, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń sin adìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.